Fíìmù Tí Ó Bí Wa Nínú: Kí Ni Kí Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe Ṣe?



Ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi mí: bí fíìmù tí ó tàbùkù òrìṣà bá dé ilé sinimá ní Àkúrẹ́, ṣé kí a lọ dí ẹnu ọ̀nà ni?

Mo mọ ibi tí ìbínú náà ti wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Gangs of Lagos jáde lórí Prime Video, ó sì gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ apànìyàn. Ìran tí à ń wò àti ìran tí a ti ṣẹ̀, ohùn kan náà ni a fi ń pè wọ́n. Bí a bá ba èkíní jẹ́, yóò dun èkejì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò dáná sun ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìjọba Èkó pẹ̀lú bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní 2014, Àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kò tètè fún Half of a Yellow Sun, tí Bíyì Bándélé darí, ní ìwé àṣẹ. Ìtàn ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n fi dá a dúró láti oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn tí wọ́n gé díẹ̀ kúrò, ó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Ogun kankan kò tìdí rẹ̀ bẹ́.

Kí àwa ṣọ́ra fún àwíjàre yẹn. Nígbà tí wọ́n dí ọdún Ìṣẹ̀ṣe lọ́wọ́ ní Ìlọ́rin ní 2023, àlàáfíà ìlú ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Ọ̀bẹ tí a bá bẹ ìjọba kí ó fi gé fíìmù, òun náà ni yóò fi gé awọ ìlù wa.

Nítorí náà, ẹ wo fíìmù kí ẹ tó bínú. Ẹ kọ̀wé sí Àjọ náà, kí ẹ tọ́ka sí ibi tí irọ́ wà gan-an. Bí ẹ óò bá fẹ̀hónú hàn, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí ṣáájú. Pátákó ni kí ẹ gbé dání, kì í ṣe kùmọ̀. Ọmọ ẹni kan ni ẹni tí ó sanwó wọlé wòran. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ gbé kámẹ́rà lọ sí ọdún Ulefunta ní Àkúrẹ́ àti Ọ̀ramfẹ̀ ní Oǹdó, kí ẹ ya ohun tí ojú gbogbo ènìyàn lè rí. Bí a kò bá sọ ìtàn wa, àlejò ni yóò máa bá wa sọ ọ́.

Kí ìjà má ṣe wọ ìlú wa. Àṣẹ.