Rọ́bà Tí Ń Bo Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni a mú wá.

Àwa náà ní ọ̀kan: Peugeot 504, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Tòmátì ni a fi ń kó.

Ní ọjọ́ kan, mẹkáníìkì yọ rọ́bà tó wà láàárín táyà àti ẹ́ńjìnnì. Ó ní, “Ẹrù lásán ni.” A gbà fún un. Òjò dé, táyà ta ẹrẹ̀ sókè, wáyà iná rin, ọkọ̀ kú sójú títì. Kí a tó rí i tún ṣe, tòmátì ti rà, owó ọjà ti lọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kò sọ rọ́bà náà nù, bó tilẹ̀ ti ya. A fọ̀ ọ́, a tẹ́ ẹ sórí páálí, a fa ìlà yí i ká, a sàmì sójú ihò rẹ̀. A wá gé rọ́bà tuntun tó nípọn bákan náà, a fi bóòtù dè é. Kò gbọdọ̀ kan bẹ́líìtì, fáànù, tàbí páìpù èéfín tó gbóná.

Ẹrẹ̀ ni rọ́bà yìí ń dá dúró o, kì í dá odò dúró. Bí odò Ògùn bá kún bo ọ̀nà, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ lò ó. Bí mẹkáníìkì bá ń tú ọkọ̀, ẹ kọ ohun gbogbo tó bá yọ sílẹ̀. Bó bá ń tò ó pa dà, ẹ máa kà á sí i létí.