Etí Ni Iṣẹ́ Wà, Kì Í Ṣe Ojú

Ọ̀ràn tí àwa fẹ́ bá yín sọ ni ti òkúta kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí òjé, tí èékánná lè ha, tí ó sì ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ewé ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni molíbídẹ́náìtì. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín ọ̀rọ̀ náà sí: èkíní, ohun tí a ń wá, èkejì, irú ohun tí òkúta náà jẹ́, ẹ̀kẹta, ibi tí agbára rẹ̀ gbé wà.

Èkíní. Ohun tí a ń wá ni háídírójìn, afẹ́fẹ́ tí ó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ. Òun àti ọ́síjìn ni ó parapọ̀ di omi. Ní ọdún 1800, William Nicholson àti Anthony Carlisle fi agbára mànàmáná la omi kọjá ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, omi náà sì pínyà sí méjèèjì. Bí a bá jó háídírójìn, omi ni ó tún ń dà. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń ṣe amóníà, láti ara amóníà ni a sì ti ń ṣe ajílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oko ayé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ lóde òní, láti inú gáàsì ilẹ̀ àti èédú ni a ti ń fà á jáde. Fún kílógíráàmù 1 tí a bá rí láti inú gáàsì, nǹkan bí kílógíráàmù 9 sí 10 kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, èyí tí ń mú ayé gbóná, ni ó ń gòkè lọ sí òfurufú. Bí a bá lè fi agbára oòrùn tàbí ti afẹ́fẹ́ yọ ọ́ láti inú omi ní owó pọ́ọ́kú, ẹrù ńlá ni a sọ̀ kalẹ̀ yẹn.

Kí ni ìdènà? Omi kì í fẹ́ pínyà. Ó kéré tán, agbára tí ó tó fóltì 1.23 ni a ní láti lò, ohunkóhun tí a bá sì lò lé e, àdánù ni. Nítorí náà ni a ṣe ń fi amúṣẹ́yá sí ibi tí agbára náà ti ń wọ inú omi. Amúṣẹ́yá ni ohun tí ń mú iṣẹ́ yára, tí iṣẹ́ náà kì í sì jẹ ẹ́ run. Pilátínọ̀mù ni ó tayọ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Gúúsù Áfíríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ọlá tí pilátínọ̀mù ní kò ju èyí lọ: ó mọ bí a ti ń dì mú, ó sì mọ bí a ti ń jọ̀wọ́. Ẹ wo atukọ̀ ojú omi. Bí kò bá dúró kí èrò wọlé, kò lè gbé ẹnikẹ́ni kọjá. Bí kò bá sì jẹ́ kí èrò sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, kò sí àyè fún ẹlòmíràn. Paul Sabatier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, ni ó kọ́ wa pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni amúṣẹ́yá rere ń rí.

Èkejì. Àwọn ará ìgbà àtijọ́ ka molíbídẹ́náìtì mọ́ òjé, èyí ni ó fa orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì. Ní 1778, Carl Wilhelm Scheele ní ilẹ̀ Swídìn fi hàn pé ohun ọ̀tọ̀ ni. Molíbídẹ́nọ̀mù àti imí-ọjọ́ ni ó wà nínú rẹ̀: ìpele imí-ọjọ́ lókè, ìpele imí-ọjọ́ nísàlẹ̀, molíbídẹ́nọ̀mù láàárín. Ewé kan báyìí tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí a bá to 1,500 rẹ̀ léra, gbogbo wọn kò ní nípọn ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Àwọn ewé náà kò di ara wọn mú gírígírí, wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn. Nítorí náà ni a ṣe ń fi í sínú gírísì ẹ̀rọ. Àwọn tí ń fọ epo rọ̀bì pẹ̀lú ń lò ó láti yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú epo.

Ṣùgbọ́n nígbà tí H. Tributsch àti J. C. Bennett dán odindi òkúta náà wò ní 1977, wọn kò rí i bí amúṣẹ́yá rere fún háídírójìn. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta. Bí a bá hú gbòǹgbò ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, a ó rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Àwọn ohun alààyè àìfojúrí ni ó ń gbé inú wọn, wọ́n sì ní èròjà kan tí ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ewéko. Bí ó ti ń ṣe èyí, ó ń tú háídírójìn díẹ̀ sílẹ̀; molíbídẹ́nọ̀mù, irin àti imí-ọjọ́ sì wà ní ọkàn rẹ̀. Ní 2005, Berit Hinnemann, Jens Nørskov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìṣirò wé èròjà yìí mọ́ òkúta wa. Wọ́n rí i pé etí ewé òkúta náà jọ ọ́, àti pé etí náà ń di háídírójìn mú níwọ̀nba, bí pilátínọ̀mù ti ń ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní ojú ewé náà, gbogbo èérún imí-ọjọ́ ti rí ẹni dì mọ́, ọwọ́ wọn ti kún. Ṣùgbọ́n ní etí, níbi tí ewé ti já, ọwọ́ àwọn kan ṣì ṣófo, àwọn ni ó sì lè gba àlejò.

Ìṣirò nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Ní 2007, Thomas Jaramillo, Ib Chorkendorff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Dẹ́nmáàkì mú kí àwọn ewé kéékèèké rẹ̀ hù lórí wúrà, wọ́n sì fi ooru sọ àwọn kan di ńlá ju àwọn mìíràn lọ. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú gidigidi tọ ojú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí afọ́jú ti ń fi ìka ka ìwé, títí wọ́n fi mọ bí ojú ti fẹ̀ tó àti bí etí ti gùn tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn háídírójìn tí ó jáde. Kò bá fífẹ̀ ojú mu. Gígùn etí ni ó bá mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, etí rẹ̀ yí ká jẹ́ 16. Bí a bá gé e sí ọ̀nà 16 tí ó dọ́gba, aṣọ kò pọ̀ sí i rárá, ṣùgbọ́n etí ti di 64. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn amòye ń gé òkúta yìí wẹ́wẹ́ kí etí rẹ̀ lè pọ̀. Àwọn kan ní Stanford tilẹ̀ fi hàn ní 2016 pé, bí a bá yọ díẹ̀ nínú imí-ọjọ́ ojú ewé náà, tí a sì nà án, ojú pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́.

A kò sọ pé òkúta yìí ti bá pilátínọ̀mù dọ́gba; kò ì tíì bá a. Ṣùgbọ́n òkúta tí a ti kà sí aláìwúlò fún iṣẹ́ yìí ti di èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń tọ́jú. Bí a bá ṣe àṣeyọrí, orílẹ̀-èdè tí kò ní pilátínọ̀mù, tí ó ní oòrùn àti omi, yóò lè ṣe ajílẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbàkígbà tí ẹ bá dán ohun kan wò tí kò ṣiṣẹ́, ẹ bèèrè ibi tí ẹ ti dán an wò lára rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù. Ó lè jẹ́ pé ojú ni ẹ ń wò, tí iṣẹ́ sì wà ní etí.