Orúkọ Ẹyẹ Kan ní Erékùṣù São Tomé



Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ fún wa pé Olúwa Ọlọ́run mú àwọn ẹranko àti ẹyẹ tọ Ádámù wá, kí ó lè sọ wọ́n lórúkọ. Iṣẹ́ náà kò tíì parí títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a gba ẹyẹ kan yẹ̀ wò, kí a lè mọ bí ó ti ṣòro tó.

Ní ọdún 1758 ni Linnaeus, ará Swídìn, fi ìlànà orúkọ méjì lélẹ̀ fún gbogbo ẹranko: orúkọ ìdílé a ṣáájú, orúkọ ti ẹ̀yà náà gan-an a sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1888, Bocage, ọ̀mọ̀wé ará Potogí, sọ ẹyẹ orin kan lórúkọ, èyí tí a pa ní São Tomé, erékùṣù tí ó wà nínú òkun ní gúúsù etíkun Nàìjíríà. Ó pè é ní concolor, èyí tí í ṣe aláwọ̀-kan. Ṣùgbọ́n ìdílé wo ni kí ó fi í sí? Ó kà á mọ́ Amaurospiza, àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1903, Salvadori, ará Ítálì, kọ́ ilé tirẹ̀ fún un, ó pè é ní Neospiza. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn kà á mọ́ ẹ̀gà.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹyẹ náà ti fara sin. Láti ọdún 1890, kò sí ọ̀mọ̀wé kan tí ó tún fojú kàn án. Ní ọdún 1978, iná jó ilé tí a kó òkú ẹyẹ àti ẹranko pamọ́ sí fún ẹ̀kọ́ ní Lisbon, ó sì ku òkú ẹyọ kan ṣoṣo, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kíyè sí i, ní ọdún 1991 a tún rí i láàyè nínú igbó São Tomé.

Nígbà tí ó di ọdún 2017, Melo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì ìran tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wá ìbátan rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jùlọ kò gbé ní ọ̀nà jíjìn: ẹyẹ kékeré kan ni, tí ó ń gbé ní São Tomé kan náà àti ní Príncipe. Kánárì ni àwọn méjèèjì, ẹyẹ wa yìí sì tóbi ju gbogbo kánárì yòókù lọ. Títóbi yìí àti àgógó rẹ̀ tí ó nípọn ni ó ti ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Crithagra concolor ni à ń pè é nísinsin yìí. Orúkọ tirẹ̀ dúró. Ti ìdílé ni ó yí padà.

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìrísí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣáájú rí, wọn kò sì ní ohun tí wọn ìbá fi wo ilé. A kò sọ èyí láti kẹ́gàn wọn. Wòlíì Sámúẹ́lì pàápàá wo ìrísí Élíábù, ó sì ṣìnà. Ohun tí ó yẹ ní yíyìn ni pé, nígbà tí òtítọ́ dé, a kò tijú láti pa orúkọ àtijọ́ rẹ́.

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú àwọn aládùúgbò wa ni a ti fi ìrísí sọ lórúkọ, tí a kò sì padà wo ilé wọn? Ẹyẹ náà kò pọ̀ mọ́, igbó rẹ̀ kò sì fẹ̀. Bí a bá pa igbó náà run, orúkọ tí ó tọ́ yóò wà nínú ìwé, olórúkọ kì yóò sí mọ́. Kí Olúwa fún wa ní ojú láti rí, àti ọkàn tí ó gba àtúnṣe, nígbà tí àkókò ṣì wà. Àmín.