Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣe Tirẹ̀ Tán: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Iṣẹ́ Àwọn Ayàwòrán Orí Kọ̀ǹpútà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

A tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí a tó la ẹnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí yóò dun àwa tìkára wa. Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní ayé àwọn baba wa, gbẹ́nugbẹ́nu a máa wí pé ọnà náà dára, tàbí pé kò dára. Ṣùgbọ́n ní ayé ìsinsìnyí, ohun tí gbẹ́nugbẹ́nu ń wí ni pé iṣẹ́ náà kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́, àti pé kò yẹ kí a sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ẹgbẹ́ wa ń ṣe kàlẹ́ńdà tí ó kọjá, a ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ìlú yìí, tí ó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà. A ní kí ó ya Ọba wa àti àwọn ìjòyè bí wọ́n ti máa ń jókòó ní ọjọ́ ọdún. A kò bá a dá iye owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a sì dá a padà fún un: kí ó tún adé ṣe, kí ó tún ìlà ojú ìjòyè kan fà, kí ó fi ẹni tí a ti gbàgbé kún un. Nígbà tí ó parí, tí ó sì dárúkọ owó rẹ̀, ẹnu yà wá. Ọ̀kan nínú wa bi í pé, “Ṣé kọ̀ǹpútà kọ́ ni ó yà á? Igi wo ni o rà, ọ̀dà wo ni o lò?” Ẹlòmíràn ní kí ó fi ṣe ọrẹ fún ìlú, nítorí pé orúkọ rẹ̀ yóò kàn. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ni a fún un. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. A tẹ àwòrán náà, a tà á, a kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ní ọdún yìí a tún ránṣẹ́ sí i. Ó fi ọ̀wọ̀ dá wa lóhùn pé òun ti ta ẹ̀rọ tí òun fi ń yàwòrán.

Ìdáhùn náà ni ó gbé wa dìde lónìí.

Ẹni tí kò tí ì rí àwọn oníṣẹ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé bọ́tìnnì kan ni wọ́n ń tẹ̀ tí àwòrán fi ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni ó wà níwájú ayàwòrán, kálámù tí kò ní tàdáwà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rìn lórí pátákó ni ìlà ń hàn lójú ẹ̀rọ. Yóò kọ́kọ́ fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ wá ibi tí olúkúlùkù yóò dúró; lẹ́yìn èyí ni yóò fa ìlà gan-an, ni yóò kun àwọ̀, ni yóò wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ àti ibi tí òjìji yóò ṣubú sí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé; kò mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ti í bo ojú Ọba, tàbí ibi tí ẹyẹ í bà sí lórí adé. Ojú àti ọwọ́ ayàwòrán ni ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Àìná Onabólù ti lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú òyìnbó ní ọdún 1920, ọ̀dà òyìnbó ni ó ń lò. Síbẹ̀ a kì í wí pé ọ̀dà ni ó ya àwòrán rẹ̀. A kì í sì í wí pé àáké ni ó gbẹ́ ère.

Iṣẹ́ náà sì ní ìnáwó tirẹ̀. Òkè òkun ni ẹ̀rọ náà ti ń wá. Nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbà á. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí bẹntiróòlù ti dà láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Àwọn kan wí pé ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn kò yẹ ní ríra. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì, tí ó kú ní ọdún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí ó fi ìgbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wá kí Ọba hàn lórí rẹ̀. Ní ọdún 1924 a gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ. Ògògà kò fẹ́ tà á. Nígbẹ̀yìn ó gbà pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ ọba kan ní ìlú òyìnbó fún òun ní pàṣípààrọ̀. Bóyá pàṣípààrọ̀ náà tọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé igi tí a fi ṣe ìlẹ̀kùn náà kò wọ́n nínú igbó Èkìtì. Ohun tí Ògògà kò fẹ́ fi sílẹ̀, tí òyìnbó sì ń wá, kì í ṣe igi. Ọgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ ni, ọgbọ́n kò sì ṣeé fọwọ́ kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí. Ní ìparí ọdún 2021, ọmọ Nàìjíríà kan, Chidiebere Ibe, ya ọmọ adúláwọ̀ nínú oyún ìyá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà tàn ká gbogbo ayé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìwé ìṣègùn. Kò ní igi, kò ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé kò níye lórí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti ń béèrè rẹ̀. Ní ọdún 1878, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Whistler bá Ruskin, akọ̀wé pàtàkì, ṣe ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ó kọ ọ́ sínú ìwé pé owó tí ó ń béèrè fún àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìwà àfojúdi. Agbẹjọ́rò bi í bóyá iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ó ń gba igba gíní sí. Ó dáhùn pé rárá, pé ìmọ̀ tí òun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun kó jọ ni òun ń gba owó lé lórí. Ó jàre ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdámẹ́rin pẹ́nì kan péré ni wọ́n dá fún un, gbèsè sì wó o lulẹ̀ ní ọdún kejì. Ẹ rí i pé ènìyàn lè gbóríyìn fún oníṣẹ́ ọnà, kí ó sì tún jẹ́ kí ebi pa á.

Àwọn mìíràn wí pé láti ọdún 2022 ẹ̀rọ ti wà tí ń dá àwòrán ṣe bí a bá ti sọ̀rọ̀ sí i. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àìmọye àwòrán tí ọwọ́ ènìyàn yà ni a ti kọ́ ẹ̀rọ náà, àwọn ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà sì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2023. Bí ẹ̀rọ bá tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn, kí ó lọ bá ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá wá sí ọ̀dọ̀ ènìyàn, kí ó san owó ènìyàn.

Òfin pàápàá ti sọ tirẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ àdàkọ sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àfi bí wọ́n bá kọ ìwé àdéhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà a sì máa wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

A kò wí pé àwọn ayàwòrán kò ní ẹ̀bi. Àwọn kan a máa gba àṣansílẹ̀, wọn a sì dákẹ́. Àwọn kan kì í dárúkọ owó títí iṣẹ́ yóò fi parí, tí ìjà yóò fi dé. Kí àwọn náà sọ owó wọn ṣáájú, kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n sì sọ iye ìgbà tí wọn yóò ṣe àtúnṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi síwájú Ẹgbẹ́. Èkíní, kí a má ṣe bẹ ayàwòrán kankan níṣẹ́ mọ́ láìkọ iye owó sílẹ̀, kí a sì san ìdajì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí orúkọ ayàwòrán máa wà lára gbogbo ohun tí a bá tẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a rán àgbà méjì lọ sí ilé ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n mú ìdá méjì owó rẹ̀ tí ó kù dání, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́.

Ojoojúmọ́ ni àwa ń wí pé kí àṣà Yorùbá má ṣe parun. Ọwọ́ ta ni yóò ya adé wa, ìlà wa àti ọdún wa fún àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí, bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yà bá ń ta ẹ̀rọ wọn? Ẹni tí ó bá da omi sí iwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a tẹ ilẹ̀ tútù. Àṣẹ.