Ta Ló Ni Ojú Fóònù Rẹ?

Kọ́bapẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù, torí náà bí ẹ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ àjàgbé lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, kò sí bí mo ṣe lè lé wọn.

Ọ̀rọ̀ tòní kò jẹ mọ́ kámẹ́rà, kò jẹ mọ́ bátìrì. Ojú fóònù ni. Ibi tí fóònù kọ́kọ́ ń ṣí sí, tí àwọn áàpù tò sí ní ìlà-ìlà, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní home screen. Ẹ wo tiyín báyìí. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mélòó lẹ fọwọ́ ara yín gbé síbẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti fóònù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí, a ò tíì fi síìmù sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Áàpù ìròyìn méjì. Ibi ìtajà áàpù méjì. Bíráúsà mẹ́ta (mẹ́ta! ta ló fẹ́ fi bíráúsà mẹ́ta ṣe kí ni?). Fódà kan wà tó kún fún géèmù tí kò tíì sí lórí fóònù rárá, ṣùgbọ́n bí ìka rẹ bá ṣèèṣì kàn án, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà rẹ wà á jáde nìyẹn. Ẹ wò ó bí ẹni pé ẹ fowó ra ilé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bá àwọn àlejò tí wọ́n ti jókòó sórí àga yín, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Uninstall, ó tán." Fún èmi àtẹ̀yin, bóyá. Àmọ́ kì í ṣe àwa nìkan la ń lo fóònù.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ATM láti òru. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá wa lọ́jà, àwọn tí wọ́n máa ń sọ pé owó tí àwọn ò bá fọwọ́ kà kì í ṣe owó, bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíránsífà. Owó padà wá, tíránsífà ò lọ. Látìgbà náà, ojú fóònù ti kúrò ní ohun ẹ̀ṣọ́ fún wọn. Àpótí owó ni. Òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé ọjà fún oníbàárà tàbí kí wọ́n ní kó dúró.

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń ta gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já èrò. Lọ́jọ́ kan lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ṣàgámù, ó ra gààrí àti èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,500. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Awakọ̀ ń fun fèrè. Àǹtí gbé fóònù, ìpolówó kan ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá gba ẹ̀bùn. Àmì X tí wọ́n máa fi pa á kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, oòrùn sì ń tàn sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìka ò bà á, ó gbé wọn lọ síbòmíràn. Nígbà tí wọ́n máa fi rọ́nà padà, ìfitónilétí mọ́kànlá ló ti tò kalẹ̀: ojú ọjọ́, bọ́ọ̀lù, "fóònù rẹ ti dọ̀tí, wá fọ̀ ọ́". Wọn ò rí aléẹ̀tì.

"Ọmọ mi, owó ò tíì wọlé."

"Mọ́mì, ó ti wọlé, ẹ wò ó dáadáa."

Báyìí ni ohùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Ọmọ náà sọ pé àwọn àgbà ayé òde òní ò ní ìtìjú. Ó ju àpò gààrí sílẹ̀, ó sáré lé ọkọ̀ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé fóònù wá bá mi. Aléẹ̀tì náà wà níbẹ̀, òun ni ìkẹsàn-án láti òkè, lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Owó ti wọlé kí ọmọ náà tó lanu. Ẹ ò ní gbà gbọ́, Àǹtí ò sọ̀rọ̀ oníbàárà tí wọ́n pàdánù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Owó ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ mi, ọjà rẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi. Á máa pè mí lólè títí dé ibi tó ń lọ." Nínú áàpù báńkì la ti rí orúkọ rẹ̀ àti àkáǹtì tí owó ti wá, a sì dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Èébú tó bú wọn lójú gbogbo ọjà ńkọ́? Ìyẹn ò ní àkáǹtì tí a lè dá a padà sí.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yẹn, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: èrè tó wà lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kéré. Nítorí náà, ọjà méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà. Wọ́n ta fóònù fún ìwọ, wọ́n sì ta àyè ojú rẹ̀ fún oníáàpù àti onípolówó. Oníáàpù á sanwó kí áàpù rẹ̀ lè bá fóònù wá látinú páálí. Iṣẹ́ ajé ni, mi ò pè é lólè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n kọ RAM sára páálí, wọ́n kọ ìwọ̀n bátìrì síbẹ̀, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú fóònù yìí ti ní ayálégbé. Dátà wa ló sì ń gbé ìpolówó náà wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹni tí kò bẹ ìpolówó níṣẹ́ ló ń san owó ọkọ̀ fún un.

Níbòmíràn, òfin ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yúróòpù, Digital Markets Act bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn àgbà ilé iṣẹ́ bíi Apple àti Google ní oṣù kẹta ọdún 2024, ara ohun tó sì sọ ni pé kí èèyàn lè yọ áàpù tó bá fóònù wá láìsí wàhálà. (Ẹ̀yin ọmọ iPhone, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ọdún 2007 tí iPhone ti jáde, ọdún 2024, nígbà tí iOS 18 dé, ni wọ́n tó gbà kí ẹ gbé áàpù kan síbi tó wù yín, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín. Ọdún mẹ́tàdínlógún!)

Mi ò gbà pé etí àwọn tó ń ṣe fóònù di. Transsion, ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó ni Tecno, Infinix àti itel, ohun tó fi gbajúmọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ni pé ó wo bí a ṣe ń gbé ayé wa. Wọ́n rí i pé síìmù ju ẹyọ kan lọ là ń lò, wọ́n pèsè àyè fún un. Wọ́n rí i pé iná kì í dúró, wọ́n fi bátìrì ńlá sí i. Wọ́n rí i pé kámẹ́rà tẹ́lẹ̀ máa ń sọ àwọ̀ dúdú di òjìji, wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó lè kọ́ bí awọ ara wa ṣe rí, ó lè kọ́ bí ọjà wa ṣe ń ná.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ìlú Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, tó fi jẹ́ pé ó ti lé ní 160 ọdún tí wọ́n ti ń ka Yorùbá nínú ìwé ìròyìn níbí. Àǹtí mi ń ka Bíbélì Yorùbá geere. Ẹ wá fún wọn ní fóònù: "Tools", "Cleaner", "Files". Bọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard, Google Translate ti gbọ́ Yorùbá láti ọdún 2013. A lè fi Yorùbá bá fóònù sọ̀rọ̀, àmọ́ òun kì í sábà fi dá wa lóhùn.

Torí náà, àwọ̀ àti àyè ni Àǹtí fi ń mọ nǹkan. "Aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì" ni orúkọ áàpù ìpè lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá wò ó nígbà tí fóònù bá ṣe àtúnṣe lóru, tí aláwọ̀ ewé di aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó tún ṣí lọ sápá ọ̀tún. Ẹni tó yà á lórí kọ̀ǹpútà rò pé òun ṣe é lẹ́wà. Ohun tó ṣe ni pé ó yí orúkọ ìta padà, ó sì fa bọ́ọ̀dù rẹ̀ tu. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé àmì ìpè yẹn, àwòrán etí fóònù NITEL àtijọ́ ni. Àwọn ìyá wa ló mọ ohun tó jẹ́, ìran tiwa ni kò mọ̀ ọ́n.

A fi ìrọ̀lẹ́ kan tún fóònù náà ṣe, ẹ̀yin náà ẹ lè ṣe é fún àwọn òbí yín. Èyí tó ṣeé yọ, a yọ ọ́. Èyí tó kọ̀, ẹ wọ Settings, ẹ wá a lábẹ́ Apps, ẹ tẹ Disable; kò ní kúrò, àmọ́ á sùn. Ìfitónilétí tí kò wúlò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Láti Android 13, tó jáde lọ́dún 2022, áàpù tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lè máa ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa tẹ Allow bí ẹni ń ṣe àmín.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Lórí ọ̀pọ̀ Android, widget kan wà nínú Contacts tó ń jẹ́ direct dial. Ẹ ó gbé èèyàn kan sójú fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń pè é. Fọ́tò tí ẹ fi sí i ni àmì rẹ̀, orúkọ tí ẹ kọ ni àkọlé rẹ̀. Òun ni ohun kan lójú fóònù tí ilé iṣẹ́ ò bá wa sọ lórúkọ. Ni mo bá fi *310#, kóòdù tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ ń lò láti wo owó orí síìmù, sínú Contacts, mo pè é ní "Káàdì Mélòó?". Mo ya káàdì ìpè, mo fi fọ́tò rẹ̀ sí i. *323# di "Dátà Mélòó?". Ojú àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wà nísàlẹ̀, áàpù báńkì dá wà láàárín, àwòrán ẹ̀yìn sì di funfun lásán nítorí oòrùn ẹ̀bá títì. Ojú ìwé kan ṣoṣo. Yorùbá pọ́ńbélé.

Ọgbọ́n àdábọwọ́ ni, mo mọ̀. Kò yẹ kí n máa fi Contacts sá pamọ́ fún ẹni tó ṣe fóònù. Ohun tó yẹ ni pé lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ tan fóònù, kó bi wá léèrè èyí tí a fẹ́ rí, lédè tí a gbọ́, tí àmì ohùn orí ẹ́ àti ọ̀ ò sì ní fò dànù. Kí owó káàdì àti dátà máa hàn lójú fóònù bí aago ṣe ń hàn. Kí àtúnṣe yòówù tó bá wá má ṣe ṣí ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Kí aléẹ̀tì owó sì ní àyè tirẹ̀ lókè, tí ìpolówó kankan ò gbọdọ̀ dé, iye yòówù kí onípolówó san. Tí mo bá ní láti mú ọ̀kan, ìkẹyìn yẹn ni n ó mú.

Àǹtí pè mí lánàá. Wọ́n ní fóònù ti gbé àtúnṣe tuntun dé, ó ń bi wọ́n bóyá kó bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ṣe pàtàkì fún ààbò, mi ò ní kí wọ́n kọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ "Later" ná, kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò bí gbogbo nǹkan ṣe tò. Ṣọ́ọ̀bù wọn ni mò ń lọ báyìí.