Ẹ Wádìí Ìdílé Irúgbìn Ìrẹsì Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin ará Oníyanrìn àti gbogbo agboolé Ìbàdàn tí ilé yín wà nígboro tí oko yín wà lábúlé, ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ òní ń bá wí. Ọ̀rọ̀ irúgbìn ìrẹsì ni.

Bí a bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wa, a kì í wo ẹwà nìkan. A ó kọ́kọ́ wádìí ìdílé, kí a má baà fi ẹbí fẹ́ ẹbí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ tí ń mú ìrẹsì tuntun jáde ń ṣe. Wọn a fi òdòdó ìrẹsì kan gba èkejì lóyún, kí ọmọ lè jogún ìwà rere òbí méjèèjì. Bí àwọn òbí náà bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, kò sí ohun tuntun tí ọmọ yóò jogún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wádìí bí irúgbìn kan ṣe jìnnà sí èkejì.

Orúkọ ọjà kò tó fún ìwádìí yìí. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ń jẹ́. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, orúkọ ìlú kan ní Èkìtì ni. Àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé irúgbìn tí a ń pè ní Ọ̀fàdà kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Irúgbìn kan náà sì lè máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ ní abúlé méjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wádìí? Wọn a gbin oríṣiríṣi ìrẹsì sórí ilẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Wọn a wọn gíga rẹ̀, wọn a ka ọmọ tí ìdí kọ̀ọ̀kan yọ àti iye ọjọ́ tí ó fi gbó, wọn a sì wo àwọ̀ èèpo àti gígùn hóró. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọlọ́ràá lè mú ìrẹsì kúkúrú ga. Nítorí náà, wọn a tún já ewé rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí láti yẹ DNA wò, èyí tí í ṣe àbùdá tí ó jogún. Ilẹ̀ tàbí ajílẹ̀ kì í yí ìyẹn padà.

Ẹ jẹ́ kí á wo èrè rẹ̀. Ìran ìrẹsì méjì ni aráyé ń gbìn. Ọ̀kan ti Éṣíà wá. Èkejì jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà wa, tí wọ́n ti ń gbìn létí Odò Ọya ní Mali láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ti Áfíríkà a máa bo èpò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ṣubú, hóró rẹ̀ a sì máa gbọ̀n dànù. Ti Éṣíà ń so púpọ̀, ṣùgbọ́n èpò tètè ń borí rẹ̀. Láàárín 1990 sí 1999, Dókítà Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bouaké, Côte d'Ivoire, so ìran méjèèjì pọ̀. Wọ́n jìnnà síra débi pé ọmọ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ yàgàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà fẹ́ òbí ti Éṣíà kí ó tó so dáadáa. NERICA ni ó jáde níbẹ̀. NERICA 1 ni à ń pè ní FARO 55 ní Nàìjíríà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní Éṣíà, kí ó tó di 1976, àrùn kan ń sọ ìrẹsì di ràrá bíi koríko. Irúgbìn tó lé ní 6,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìrẹsì igbó kan ṣoṣo láti Íńdíà ni àrùn náà kò rí mú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára IR36, tí wọ́n mú jáde ní 1976. Bí ẹni kankan kò bá tọ́jú ìrẹsì igbó yẹn, níbo ni wọn ì bá ti rí i?

A kò sọ pé kí ẹ má gba irúgbìn tuntun. FARO 44 ń so dáadáa ní àkùrọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń gbin ẹyọ kan, àrùn tí ó bá mọ ọ̀nà wọ oko kan ti mọ ọ̀nà wọ gbogbo oko nìyẹn. Irúgbìn àtijọ́ tí ẹ bá sì jẹ tán lónìí, owó kò lè rà á padà lọ́la.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Kí ẹ tó pa irúgbìn àtijọ́ tì, ẹ ṣa orí tí ó dára nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú oko, kí ẹ tó kórè ìyókù.

2. Ẹ pa á lọ́tọ̀. Òdòdó ara rẹ̀ ni ìrẹsì fi ń so, kì í sábà gba ti ẹlòmíràn. Ibi ìpakà àti inú àpò ni ìdàpọ̀ ti ń wọlé jù.

3. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì dé e pa kúrò lọ́wọ́ ọ̀rinrin àti kòkòrò. Ẹ tún un gbìn lọ́dọọdún, kí ó má baà kú.

4. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ẹ ti gbà á, irú ilẹ̀ tí ó fẹ́ àti iye ọjọ́ tí ó fi ń gbó.

5. Ẹ mú díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, tàbí kí ẹgbẹ́ yín gbé e lọ sí NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn níbí. Iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá ya ilẹ̀ kékeré sọ́tọ̀ fún irúgbìn àtijọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọmọ tí a kò tíì bí lè tọ́rọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.