Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Oní-dísù: Ẹ Fa Géèjì Yọ

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ọkọ̀ yín ń mu dísù ni mo ń bá wí láàárọ̀ yìí.

Ẹ má ṣe yẹ ọ́ìlì wò lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé, ẹ pa á, kí ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 10, kí ọ́ìlì tó wà lókè ráyè ro sílẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, ẹ fi àkísà tó mọ́ nù ún. Ohun tí géèjì fi hàn nígbà àkọ́kọ́ yẹn ò ṣeé gbára lé. Ẹ tì í padà títí dé ìdí, kí ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì tó wà lára géèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà.

Ó dúdú bí èédú? Ẹ má jáyà. Èéfín dísù ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kódà bó ṣe díẹ̀ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ́ìlì tó ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bu kún un. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń run dísù, dísù ti ń jò sínú rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì rí bíi tíì oní-mílíìkì, omi ló wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yá.

Ẹ má bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè o! Ẹ́ńjìnnì dísù lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ́ìlì ara rẹ̀, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí, kó má kú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú, kí ẹ sì máa fi géèjì wò ó.